Mo Ti Ri Oko fun Yin

Ọkùnrin kan jókòó sórí àga Ìyá Ìjọ.

Gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, ní Ìkòsì, láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yẹn lọ́dún 2004 ló rí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó láyà láti bá a sọ ọ́. Ìlà kẹta lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ló jókòó sí bí ẹni tó wà ní pálọ̀ ilé rẹ̀. Irun orí rẹ̀ funfun báláú, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún, ó dijú, ó sì ń fi ohùn ìsàlẹ̀ kọrin débi pé àwọn ọmọdé tó wà níwájú ń yíjú wẹ̀yìn láti wo ibi tí ohùn náà ti ń jáde.

Ìyá Ìjọ, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mama, kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ yẹn, iná ló lọ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó ń lọṣọ, ó sì ní láti lọ wá èédú sínú áyọ́ọ̀nù àtijọ́. Ó wọlé, ó rí àlejò, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ àga náà pẹ̀lú Bíbélì lábíyá, ó ń retí kí orin parí.

Àlejò kọrin dé Àmín, ó lajú, ó sì rí obìnrin kúkúrú kan tó wọ léèsì funfun, tó ń wò ó bí ìyá tó bá ọmọ nídìí ìkòkò ọbẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Mama wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ibi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn, ó lẹ́ni tó ni ín."

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé wọ́n kọ orúkọ sí i ni?"

"Wọ́n kọ ọ́."

Ọkùnrin náà rò pé àwàdà ni. "Níbo?"

"Lábẹ́. Ẹ tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀."

Ó tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àga. Ìka rẹ̀ kan ibi tí wọ́n ti gbẹ́ lẹ́tà sára pákó, ó sì ń fọwọ́ kà á díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ síwájú. "Ṣó... bọ̀... Ṣóbọ̀wálé. Ta ni Ṣóbọ̀wálé?"

"Ọkọ mi ni. Àwọn ló kan àga yẹn."

"Ṣé wọn ò tíì dé ni?"

"Wọn ò ní dé mọ́, sà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti lọ."

Ọkùnrin náà dìde lójijì, fìlà rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀. "Ẹ forí jì mí, mà. Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run ṣàánú wọn o, wọ́n mọṣẹ́. Gbogbo àga tí mo ti jókòó lé láti Abẹ́òkúta títí débí, èyí nìkan ni ò dun ẹ̀yìn mi."

Mama fẹ́ le ojú, ojú ò le. Kò sẹ́ni tó ti yin iṣẹ́ ọwọ́ Charles létí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó wo gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí àyè níbòmíràn.

"Ẹ sún," ló wí. "Àga yẹn gba èèyàn mẹ́ta."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Mama jẹ́ fún yín, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ìdí tí gbogbo ìjọ fi pa Alùfáà tì lọ́jọ́ náà tí wọ́n ń wo ìlà kẹta.

Kúnbi ni wọ́n sọ ọ́ ní Ìpẹ̀rù, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń pọ̀n ọ́n lọ síbi àdúrà òwúrọ̀ kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Charles Ṣóbọ̀wálé, káfíńtà kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, ló fẹ́ ẹ, ó sì mú un wá sí Alápẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀lọ́ ibẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ. Charles yìí ló kan àga ṣọ́ọ̀ṣì náà nígbà tí ìjọ ṣì ń pàdé lábẹ́ àtíbàbà. Nígbà tó kan ti ìlà kẹta tán, ó gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sábẹ́, ó ní kí Alùfáà má baà rí i kó sọ pé òun ń gbéra ga.

Àìsàn ránpẹ́ ló mú un lọ. Jayé, ọmọkùnrin wọn, ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, Fọlá àbúrò rẹ̀ obìnrin ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Mama sunkún tó ohun tó yẹ kó sun, ó nu ojú, ó gbé máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ síwájú ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rán aṣọ kọ́áyà. Bí ẹ bá rí àwọn akọrin kankan láti Kétu dé Òjòdú láyé ìgbà yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Mama ló ká etí aṣọ wọn. Etí aṣọ yẹn ló rán ọmọ méjèèjì dé yunifásítì.

Láràárọ̀ kùtùkùtù, á kúnlẹ̀, á máa ka orúkọ gbogbo mọ̀lẹ́bí lọ́kọ̀ọ̀kan sí Ọlọ́run létí. Ó máa ń gbàdúrà fún àwọn tó bá a jà náà, àmọ́ ohùn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí ìjọ sì fẹ́ yan Ìyá Ìjọ, wọn ò wulẹ̀ jiyàn.

Àwọn ọkùnrin wá ní àwọn fẹ́ fẹ́ Mama nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣì kéré. Àwọn kan gbé mọ́tò wá, àwọn kan gbé Bíbélì wá. Mama á kàn nawọ́ sí Jayé tó wọ ṣòkòtò péńpé, á ní, "Mo ti ní ọkọ nílé." Bí àwọn ìyá ṣe máa ń pe ọmọ wọn ọkùnrin ní ọkọ mi ni òun náà ṣe ń pè é. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, àfi pé Jayé gba oyè náà gbọ́. Ó ti di ọ̀gá ní báǹkì, ó ní ìyàwó àti ọmọ nínú ẹ́sítéètì onígéètì kan ní Ìṣẹ́rí Olówóra, síbẹ̀ kò tíì kúrò lórí oyè.

Orúkọ àlejò ìlà kẹta ni Elkanah Ṣódiyà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ní Abẹ́òkúta, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì mú un wá sí Alápẹ̀rẹ̀ kó má baà dá jókòó sílé máa bá rédíò jiyàn. Ìdí tẹlígíráàmù ló ti lo gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní pósíọ́fíìsì, owó ni wọ́n sì ń san lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà náà, nítorí náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, inú rẹ̀ dùn kọjá ààlà. Ó ní tẹlígíráàmù ti jíǹde. Kò sí nǹkan tí kì í fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ: "Ojo n bo. Mu agboorun." "Waasu oni gun." Bó ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn.

Láti ọjọ́ Ìsinmi yẹn, ẹ̀gbẹ́ Mama ló ń jókòó. Bí ìwàásù bá ti gùn, á rọra ti súìtì kan gba orí àga lọ sọ́dọ̀ Mama.

"Mi ò kí ń jẹ nǹkan nínú ṣọ́ọ̀ṣì," ni Mama á wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ kàn bá mi mú un dání."

Kò pẹ́ tí Mama ò bá a mú un dání mọ́. Ó ń jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Elkanah fọ́nnu pé òun á ra tòmátì fún un lọ́jà Mile 12. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá kan dé. Òkè rẹ̀ pupa, ó ń dán. Mama tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì fa ọwọ́ jáde pẹ̀lú omi.

"Ṣé ẹ ò tú u wò ni?"

"Ẹni tó tà á pè mí ní Chairman. Orí mi bá wú."

Mama rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Àwọn ará àdúgbò tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ọdún gbọọrọ ò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà, nígbàkígbà tó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, Chairman."

Lẹ́yìn náà ni Chairman lọ wọ ẹgbẹ́ akọrin. Ohùn rẹ̀ dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi mọ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀, pé ẹni tó ń rán aṣọ kọ́áyà ló fà á débẹ̀. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù Mama lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti wọn aṣọ.

"Ẹ dúró dáadáa," ni Mama wí.

"Mo ti dúró."

"Ẹ ń mí jù."

"Ṣé kí n má mí mọ́ ni?"

Mama ti wọn èjìká èèyàn tí kò lóǹkà. Ó ti wọn ti bíṣọ́ọ̀bù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wọn ọ́n. Nígbà tó na tépù dé èjìká Bàbá Elkanah, ó wọn ọ́n tán, ó tún un wọ̀n.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ tún un wọ̀n?"

"Tépù yìí ló ti gbó."

Irọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló ra tépù náà. Mama ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ẹ̀rù sì ń bà á bí ọmọ ogún ọdún.

Bàbá Elkanah rọra bẹ̀rẹ̀, "Mama, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi..."

"Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀ ná." Mama yí ojú sí máṣíìnì. Jayé ti pè é lọ́jọ́ méjì sẹ́yìn, ó ní, "Mummy, wọ́n ní bàbá kan ń sìn yín rìn kiri. Ẹ rántí ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ o. Orúkọ Daddy lẹ ń jẹ́." Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ta á. "Ọmọ méjì ni mo ní, sà. Mo ti fi gbogbo ayé mi kó ilé yẹn jọ sójú kan. Bí inú wọn ò bá dùn sí nǹkan, èmi náà ò lè gbádùn ẹ̀. Jayé gan-an ni mò ń sọ."

"Mo gbọ́," ni Bàbá Elkanah wí. Kò bínú. "Mo lè dúró. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ní pósíọ́fíìsì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de èsì."

Ní oṣù Nòfẹ́ńbà ọdọọdún, Mama máa ń lọ sí Ìpẹ̀rù, níbi tí wọ́n sin Charles sí, lọ tún ojú oórì rẹ̀ ṣe. Jayé ló máa ń wà á lọ tẹ́lẹ̀. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, iṣẹ́ báǹkì ò jẹ́ kó ráyè, koríko sì ti ń ga níbẹ̀. Lọ́dún yẹn, ó ṣèlérí, ó tún ìlérí náà ṣe. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó pè.

"Mummy, ẹ má bínú. Ọ̀gá wa ń bọ̀ láti Àbújá ní Sátidé. A óò lọ ní Kérésì."

"Kò burú, ọkọ mi."

Ó burú. Bàbá Elkanah rí i lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì bi í títí ó fi sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gba Mile 12 lọ, ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì akẹ́rù ti ń já ata àti àlùbọ́sà, ó bá awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Rahmon sọ̀rọ̀, wọ́n fẹnu kò. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì àlùbọ́sà níbẹ̀, ó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Mama. Lọ́sàn-án, ó tún gba ṣọ́ọ̀bù Mama kọjá, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé ọkọ̀ ti wà.

Ó dára tó sọ ọ́, torí fóònù Mama ò sí nílé. Fọlá ti mú un lọ sí ilé rẹ̀ ní Kétu láti bá a fi iná jẹnẹrétọ̀ chájì rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ dún, Fọlá ṣí i, ó sì bá ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀:

"E kaaro Mama. Mo ti ri oko fun yin. O ti gbo die sugbon o lagbara. Mo ti san asansile. Yoo wa gbe yin ni Satide laago mefa aaro. E ma so fun opo eniyan. Aye o si. Elkanah."

Fóònù ò ní àmì ohùn. Ẹni tó bá ń kà á ló ń fi ohùn tirẹ̀ sí i. Èyí tó wá sọ́kàn Fọlá ló kà, ó sì lọgun.

"Brother Jayé!" ló ké nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ìpè ní báǹkì. "Bàbá Elkanah ti rí ọkọ fún Mummy!"

"Kí ni?"

"Ọkọ! Wọ́n ní ó ti gbó díẹ̀ ṣùgbọ́n ó lágbára."

"Ó gbó? Báwo ló ṣe gbó tó?"

"Wọn ò sọ."

"Ó lágbára láti ṣe kí ni?"

"Brother Jayé, ẹ má bi mí nírú ìbéèrè yẹn! Wọ́n ti san àsansílẹ̀!"

"Lórí Mummy? Ta ló gbà á?"

"Wọ́n á wá gbé wọn ní Sátidé, aago mẹ́fà àárọ̀. Wọ́n ní kí Mummy má sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn." Fọlá mí kanlẹ̀. "Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé mo rò pé bàbá yẹn gan-an ló fẹ́ràn Mummy. Ṣé alárenà ni wọ́n ni?"

Jayé pe ọ̀gá rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí òun, òun ò lè wá sí ìpàdé ní Sátidé. Ó sọ fún Fọlá pé kó má bi Mummy ní nǹkan kan, àwọn á ká ọkùnrin náà mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa ní Sátidé tí Jayé fi dé Alápẹ̀rẹ̀ nínú agbádá tí wọ́n lọ̀ kó le gbagidi, bí ẹni tó fẹ́ lọ lé àna sẹ́yìn. Fọlá ti ṣáájú rẹ̀ dé. Mama jáde sí wọn nínú aṣọ funfun láti òkè délẹ̀.

"Aṣọ funfun!" ni Fọlá wí sí etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ọkọ mi!" Mama dì mọ́ Jayé. Omi lé sí i lójú. "Mo mọ̀ pé o ò ní gbàgbé! Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n mú gèlè mi." Ó sáré wọ yàrá kí Jayé tó lè bi í pé kí ni òun ò gbàgbé.

Ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Rahmon ni, ọkùnrin síńgbọnlẹ̀ kan tó de fìlà òwú, tó sì ń rùn fún ata.

"Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni wọ́n ní kí n wá gbé Mama."

Jayé wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ?"

"Èmi ni, Ọ̀gá."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Ọ̀gá, ẹ má wo ojú mi. Ó pẹ́ tí mo ti wà nídìí ẹ̀."

"Mama tó o fẹ́ gbé yẹn ló bí mi, mo sì jù ẹ́ lọ!"

"No wahala, Ọ̀gá. Àwọn ìyá àgbà tí mo ti gbé pọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé méjì pa pọ̀ lọ sí Ṣágámù."

"Méjì pa pọ̀!" Fọlá wá àga jókòó.

"Ṣé o níyàwó nílé?" ni Jayé bi í.

"Méjì ni, Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n kí ló kàn wọ́n níbẹ̀?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Bàbá Elkanah fi wọlé. Ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó mú àdá lọ́wọ́, ó sì há búrẹ́dì mọ́ abíyá.

"Bàbá, ó dáa bẹ́ ẹ ṣe dé," ni Jayé wí. "Ṣé ẹni tẹ́ ẹ rí fún ìyá mi nìyí?"

"Òun ni. Ó ṣeé gbọ́kàn lé."

"Ẹ kọ ọ́ pé ó ti gbó."

"Ó gbó lóòótọ́. Ẹ lọ wò ó níta, okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn ẹ̀."

"Ilẹ̀kùn ta ni?"

Fọlá ti fa fóònù Mama yọ. Ó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà lábẹ́lẹ̀, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ló bá fò dìde. "Yéè! Brother Jayé! Ọkọ̀ ni! Mo ti rí ọkọ̀ fún yín! Mọ́tò!"

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé gbogbo wọn. Nígbà tó yé Rahmon, ó gbá ara rẹ̀ mọ́ ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin rò pé èmi...? Walahi, àwọn ìyàwó mi á pa mí!"

"Mi ò mọ ibi tí àmì ohùn wà lórí fóònù," ni Bàbá Elkanah ń wí, tìtìjú tìtìjú.

Jayé náà rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ fìlà, ó nu òógùn. "Ọlọ́run ṣeun. Ọkọ̀ ni. Mo ti rò pé ọkọ ni."

"Tó bá jẹ́ ọkọ ńkọ́, Jayé?"

Mama ti jáde. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, gèlè rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́. Kò pè é ní ọkọ mi, Jayé sì gbọ́ ọ.

"Mummy?"

"Mo ní tó bá jẹ́ ọkọ ńkọ́? Kí ló máa burú níbẹ̀?"

Ọkọ́ bọ́ lórí èjìká Bàbá Elkanah, ó kù díẹ̀ kó já lé Rahmon lẹ́sẹ̀.

"Mo sin bàbá yín," ni Mama wí, "mi ò sì fi ọjọ́ kan gbàgbé wọn. Mo tọ́ yín, mo sin Ọlọ́run, inú mi sì dùn sí gbogbo ẹ̀. Àmọ́ mo fẹ́ràn bàbá tó dúró yìí. Ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu ará àdúgbò. Mi ò ní ṣe é lẹ́yìn yín. Bẹ́ ẹ bá ní kí n má ṣe é, mi ò ní ṣe é, mi ò sì ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ojú mi lẹ máa wò sọ ọ́."

Fọlá bú sẹ́kún, ó lọ dì mọ́ ìyá rẹ̀. Tirẹ̀ ti tán. Jayé ló kù, kò sì lè wo ojú Mama.

"Daddy ńkọ́?" ló wí nígbẹ̀yìn. "Ṣé a fẹ́ gbàgbé Daddy báyẹn ni?"

"Níbo lo rò pé mò ń lọ láàárọ̀ yìí?"

Jayé wo aṣọ funfun Mama, ó wo ọkọ́ tó wà nílẹ̀. Bàbá Elkanah ló dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

"Ìpẹ̀rù ni. A fẹ́ lọ ro ojú oórì bàbá yín. Mo gbọ́ pé ẹ ò ráyè, mo bá ní kí n bá wọn wá ọkọ̀."

Ìtìjú mú Jayé. Ó ti fi ìpàdé ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìjà tí kò sí, kò sì lè fi í sílẹ̀ nítorí bàbá tó ní òun ń gbèjà. Ó kọjú sí Rahmon.

"Ṣé àyè wà nínú ọkọ̀ yẹn?"

"Kò sí, Ọ̀gá," ni Rahmon wí, "àfi bẹ́ ẹ bá lè jókòó lórí àpò àlùbọ́sà."

Mọ́tò Jayé tó ń dán wà níta, ṣùgbọ́n kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Orí àpò àlùbọ́sà ló jókòó gba Ìkòròdú, gba Ṣágámù, títí dé Ìpẹ̀rù, nínú agbádá tó le gbagidi, ó ń sín.

Koríko ti bo ojú oórì Charles lẹ́yìn ilé àwọn Ṣóbọ̀wálé. Mama gbàdúrà níbẹ̀, lẹ́yìn náà òun àti Fọlá wọlé lọ kí àwọn àgbà. Jayé lọ wá omi. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó gbọ́ ohùn lẹ́yìn ògiri, ó sì dúró.

Bàbá Elkanah ń roko, ó sì ń bá òkú sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá kí ojúlùmọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Ṣóbọ̀wálé, ẹ kúulé o. Elkanah ni. Mo jókòó sórí àga yín lọ́jọ́sí, mi ò mọ̀ pé tiyín ni. Nígbà tí mo mọ̀, mo dìde. Bí àwọn ọmọ yín bá ní kí n tún dìde, màá dìde, mi ò ní jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kan àga yẹn, ẹ sì mọ̀ pé ó gba èèyàn mẹ́ta. Mi ò fẹ́ gba àyè yín. Mo kàn fẹ́ jókòó tì yín ni."

Ó di ẹ̀yìn mú, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí roko.

Jayé gbé omi kalẹ̀. Omijé ti ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó bọ́ agbádá, ó jáde láti ẹ̀yìn ògiri, ó na ọwọ́.

"Ẹ gbé ọkọ́ yẹn fún mi, Daddy."

Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Bàbá Elkanah rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọkọ́ lẹ wí, àbí ọkọ̀?"

"Ọkọ́ ni, sà," ni Jayé wí, ẹ̀rín àti ẹkún sì pọ̀ mọ́ra wọn lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí Mama jáde, ọmọ rẹ̀ tí kò tíì fọwọ́ kan ọkọ́ rí ló ń roko nínú bàtà báǹkì, Bàbá Elkanah sì gbé agbádá rẹ̀ kọ́ apá, ó ń júwe ibi tó kù fún un. Mama padà sínú ilé, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Síbẹ̀, Jayé ò tíì fẹnu sọ pé òun gbà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn lójú Mama. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá Elkanah wá dán aṣọ kọ́áyà rẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù, Fọlá sì wà níbẹ̀ tó ń jẹ gúgúrú. Fóònù Mama dún. Fọlá ṣí i, ó kà á sínú, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Brother Jayé ni," ló wí. "Wọ́n ní àwọn ti rí ọkọ̀ fún yín."

"Ọkọ̀ kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe?"

"Wọ́n ní ó ti gbó díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lágbára."

Mama gbé tépù sílẹ̀. "Mú fóònù yẹn wá."

Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó na fóònù jìnnà sí ojú, ó sì kà á fúnra rẹ̀: "Mummy, mo ti ri oko fun yin. O ti gbo die sugbon o lagbara. O mo oko ro ju mi lo. Oko yin kekere, Jaye."

Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, sókè, ó sì fi ohùn tó yẹ sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọkọ. Fọlá fẹ́ rẹ́rìn-ín, gúgúrú fẹ́ pa á lórí.

Aṣọ kọ́áyà ṣì wà lọ́rùn Bàbá Elkanah, apá kan ò tíì wọ̀ ọ́. "Kúnbi," ló wí. Kò sẹ́ni tó ti pè é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà Charles. "Kúnbi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Dúró dáadáa," ni Mama wí, ojú rẹ̀ kún fún omi. "O ń mí jù." Ó sì di èjìká rẹ̀ mú, láìsí tépù lọ́wọ́.

Wọ́n kéde wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà mẹ́ta, bí wọ́n ṣe ń kéde àwọn ọ̀dọ́. Ní oṣù Jánúárì, Alùfáà so wọ́n pọ̀, Jayé ló fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ dé iwájú, Rahmon sì ti fọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ títí tí òórùn ata fi kù díẹ̀. Wọ́n ti fi òdòdó ṣe àga méjì lọ́ṣọ̀ọ́ fún tọkọtaya níwájú. Mama wò ó, ó dúpẹ́, ó sì fa ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlà kẹta, lápá òsì.

Ó jókòó sáàárín, Bàbá Elkanah jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n sì fi àyè ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́nà mú àlejò obìnrin kan bọ̀, ó rí àyè náà, ó sì ní kí ó jókòó síbẹ̀.

Bàbá Elkanah rọra na ọwọ́ kọjá níwájú Mama, ó gbé e lé àyè náà.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí. "Ibẹ̀ yẹn, ó lẹ́ni tó ni ín."